Ọkọ̀ Bàbá Mi Kì í Ṣe Ọkọ̀ Ogun

Ta ló ya fọ́tò yẹn? Súlè, gbé fóònù rẹ sílẹ̀ kí o sún mọ́ mi. Mo ti rí i. Ìyá yín àgbà ló fi hàn mí nígbà tí ẹ ń jẹ ẹran Iléyá lọ́wọ́. Ìwọ lo dúró nínú ọkọ̀ tó wà lẹ́bàá afárá, o na igi jáde bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn, o wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọkọ̀ ogun àwọn baba ńlá rẹ rèé. N ò ní nà ọ́. Inú ọdún la wà, ẹran sì ti wọnú. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n ò ní purọ́ fún yín. Láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni inú ti ń bí mi, kò sì tíì rọ̀.

Ọkọ̀ ogun kọ́. Ọkọ̀ bàbá mi ni, ọkọ̀ tí a fi ń gbé èèyàn sọdá. Kò gbé jagunjagun kankan rí. Ohun tó gbé ni kòkó, obì, ewúrẹ́, ìyàwó tuntun, òkú mélòó kan tí wọ́n ń gbé relé, àti tíṣà kan tí kò jẹ́ ká bá òun gbé kẹ̀kẹ́ òun, tó dì í mọ́ àyà títí tí òun àti kẹ̀kẹ́ fi jọ ṣubú sódò. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, bíríkìlà kan máa wá da sìmẹ́ńtì sínú ọkọ̀ náà. Àbámẹ́ta la wà lónìí. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ̀yin ọkùnrin má tíì lọ nìyẹn. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ fún yín.

Kí wọ́n tó ṣe afárá yẹn, ibẹ̀ la ti ń gbé èèyàn sọdá. Kì í ṣe ojú títì Iléṣà ni mo ń wí o. Ìyẹn ti ní afárá tirẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni tiwa, ọ̀nà àwọn Ìjẹ̀ṣà tó dá oko kòkó àti oko obì sí òdìkejì Ọ̀ṣun. Bí wọ́n bá ru ẹrù wọn dé etí odò, wọ́n á pariwo, "Ọlọ́kọ̀ oo!" Bàbá mi kì í fi ẹnu dá wọn lóhùn. Àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀ ni yóò fi gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò, kò. Ìyẹn ni pé òun ti gbọ́, kí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀. Bó bá gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, omi ti pọ̀ jù nìyẹn, kí wọ́n padà sílé. Kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn. Lónìí, ẹ ó pe èèyàn lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò ní gbé e. Èyí tó bá gbé e á ní òun ti wà lójú ọ̀nà, inú bàlùwẹ̀ ló sì wà.

Láàárọ̀, bí a bá wà láàárín odò, à ń gbọ́ fèrè rélùwéè láti Òṣogbo. Àwọn oníkòkó á bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú, torí ìdíkọ̀ rélùwéè ni wọ́n ń kó ẹrù wọn lọ. "Ọlọ́kọ̀, ẹ ṣe kíá, ó ti ń fọn!" Bàbá mi á ní, "Òun ní irin lẹ́sẹ̀. Omi ni èmi ń tẹ̀." Á sì máa tukọ̀ bó ṣe ń tù ú tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo omi náà nígbà yẹn. Mo mọ̀ pé àwa àgbà máa ń purọ́ nípa ìgbà èwe wa, tí a ó ní iṣu ayé ìjọ́un ga ju èèyàn lọ. N ò ní pa irú ẹ̀. Nígbà òjò, Ọ̀ṣun máa ń pọ́n díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti dá fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ti tòrò. O dúró sínú rẹ̀ dé orúnkún, o rí èékánná ẹsẹ̀ rẹ, o rí ẹja kéékèèké tó ń fẹnu kàn án. Ibẹ̀ la ti ń bu omi mímu. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe àlùwàlá.

Igi ìrókò kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbẹ́ ọkọ̀ náà. Bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, wọ́n ń fi iná sun inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi àáké họ ibi tó bá jóná kúrò. Ó gùn tó ọkùnrin márùn-ún tó sùn tẹ̀lé ara wọn. Ọkùnrin mẹ́jọ ní í gbé e. Bí wọ́n bá jẹ́ méje, ẹ̀gbẹ́ kan á wọlẹ̀. Ìṣojú mi ni méje ti gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ ẹnì kan ló sì kán.

Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé tí mo ń bínú sí kò mọ̀ nìyí, ẹ fetí sí i dáadáa. Ọkọ̀ onígi kò gbọdọ̀ gbẹ, bó bá gbẹ, á là. Èèyàn ló ń bẹ̀rù omi, oòrùn ni ọkọ̀ ń bẹ̀rù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí odò fà, tí àwọn ará oko ń fẹsẹ̀ wọ́ ọ kọjá, a kì í wọ́ ọkọ̀ gun ilẹ̀. A máa ń rì í ni. A ó tù ú lọ sínú ibú tó wà lábẹ́ igi, a ó kó òkúta sínú rẹ̀, a ó jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́ títí yóò fi lọ sísàlẹ̀ jẹ́jẹ́, a ó so okùn rẹ̀ mọ́ gbòǹgbò. Ibẹ̀ ló máa wà títí òjò yóò fi dé. Bàbá mi kì í sọ pé ọkọ̀ rì. Ó ní, "Ọkọ̀ ń sùn." Bí àlejò bá wá kí wa lẹ́ẹ̀rùn, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ fún un, bàbá mi á ti mú un lọ sí etí ibú. "Ẹ wo ọkọ̀ mi." Àlejò á bẹ̀rẹ̀, á rí i nísàlẹ̀ omi, gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, àti òkúta inú rẹ̀, àti ẹja tó ti sọ ọ́ di ilé. Mo rí ọkùnrin kan tó ti Èkó wá tó ṣí fìlà fún un.

Ṣé ẹ rí i? À ń fi ọkọ̀ yẹn han àlejò kí ẹnikẹ́ni tó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀.

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, a ó yọ ọkọ̀. Ọjọ́ ńlá ni ní agboolé wa. Àwọn ọkùnrin mẹ́jọ á wọ inú ibú, wọ́n á kó òkúta jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá máa mi ọkọ̀ síwá sẹ́yìn kí omi máa dà kúrò nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin ti wà létí odò tí wọ́n ń dín àkàrà, tí wọ́n ń nàka sí ẹni tó ń gbé e gan-an àti ẹni tó kàn fọwọ́ lé e. Òfin kan sì wà. Ẹni tó máa kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ lẹ́yìn tó bá jí gbọ́dọ̀ jẹ́ àlejò, ẹni tí kì í ṣe ará ilé wa. Lọ́dún kan, ẹni tó kọ́kọ́ yọ ní òdìkejì ni ọmọbìnrin kan tó gbé agbọ̀n obì lórí. Ará Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀, oko ló gbé e wá sápá ibí. Mo tukọ̀ lọ bá a tayọ̀tayọ̀. Ó wo ọkọ̀ tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀, ó wo èmi tí ẹrẹ̀ bò, ó ní, "Mọ fẹ́ lọ, mọ sì fẹ́ padà dé ulé kí ulẹ̀ ó tó ṣú. Ṣé ọkọ̀ yìí ti jí dáadáa?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òun ni ìyá yín àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ẹ gbọ́ ohun tó ń wí: "Ẹ sọ ti rélùwéè fún wọn, ẹ má fò ó." N ò ní fò ó. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo ti di ọkùnrin tó ń wá ohun tí yóò mú òun dé Òṣogbo lójoojúmọ́. Ní ìparí ọdún yẹn, ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, bàbá mi fẹ́ lọ sìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Iléṣà. Ó pè mí. Ó ní, "Kí o tó lọ sí ibikíbi, rì í." Mo ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá." Mo wọ́ ọkọ̀ gun etí odò kí n lè wá òkúta, mo wá gbọ́ fèrè. Mo mọ̀ pé ìyá yín wà ní ìdíkọ̀, tó ń ta obì fún àwọn èrò inú rélùwéè. Mo ní n ó lọ kí i, n ó padà dé kí oòrùn tó mú. Rélùwéè pẹ́. Mo bá a ru agbọ̀n dé Ọjà Ọba, lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀. Àǹtí ní kí n jẹun. Àǹtí tún ní kí n wá tún òrùlé ilé ìdáná òun ṣe lọ́jọ́ kejì. Èmi tí mo fẹ́ níyì lójú wọn, ṣé n ó wá ní rárá? Ọjọ́ kẹta ni mo tó padà. Mo ṣì wà lórí òkè nígbà tí mo gbọ́ ọ, pá! Mo rò pé ọdẹ ló yìnbọn. Ọkọ̀ bàbá mi ló là.

Bàbá mi dé lọ́jọ́ kejì. Ì bá nà mí, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn. Ó jókòó ti ọkọ̀ náà, ó fi ọwọ́ sí ibi tó là títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó yọ́ oje igi, ó fi òwú dí ojú ibẹ̀, ó gé agolo kẹrosínì kan pẹlẹbẹ, ó fi bò ó. Ó gbé òòlù fún mi. Ìṣó mọ́kànlá ni mo gbá, òun ló ń gbé ìkọ̀ọ̀kan wọn lé mi lọ́wọ́. Ó wá ní, "Á máa jò. Ní gbogbo ìgbà tí o bá ń gbé èèyàn kọjá, ìwọ ni wàá máa gbọ́n omi rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Mo ń fi ọwọ́ kan tukọ̀, mo ń fi igbá gbọ́n omi pẹ̀lú ọwọ́ kejì, títí wọ́n fi ṣe afárá. Bí ẹ bá fọ́ mi lójú lónìí, n ó ka ìṣó mọ́kànlá yẹn bí mo ṣe ń ka tẹ̀súbáà.

Nígbà tí wọ́n ṣe afárá tán, kò sẹ́ni tó tún ń pe ọlọ́kọ̀. Bàbá mi ní kí n rì í fún ìgbà ìkẹyìn. Kò pẹ́ tí òun náà fi sùn. Láti ìgbà yẹn, lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi tòrò, mo máa ń lọ wò ó. N ó pààrọ̀ okùn, n ó tún òkúta tó. Àwọn tó ń kọjá lórí afárá á dúró, wọ́n á nàka sí i, wọ́n á sọ fún ọmọ wọn pé ọkọ̀ ìjọ́sí rèé. Kò sí pátákó lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é ní ohun mìíràn.

Lẹ́yìn náà ni omi yí padà. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n ní mímọ́ rí, ẹ rò pé bó ṣe ń rí nìyẹn. Látìgbà tí àwọn awagóòlù ti ń gbẹ́ ilẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń fọ yẹ̀pẹ̀ sínú gbogbo odò kékeré tó ń wọ Ọ̀ṣun, ó dà bíi tíì onímílíìkì, lójò lẹ́ẹ̀rùn. N ò bú ará Ìjẹ̀ṣà o. Ìyá yín ń wò mí. Àna mi kan ní ìgbèríko Iléṣà, ibi tí kòkó bàbá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, kòtò ló kù níbẹ̀. Àwọn tó gbẹ́ ẹ, kò mọ orúkọ wọn. Òun náà ń bínú. Wọ́n máa ń ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Tiwa kò gbàgbé orísun o. Orísun ọ̀hún ni wọ́n ń fi dígà wú. Wọ́n sì wá ń sọ fún wa pé ká má bu omi náà mu mọ́, bí ẹni pé àwa la bu ìdọ̀tí sí i.

Lẹ́ẹ̀rùn kan, mo dúró létí ibú, n ò rí ọkọ̀. Mo fi igi wá a. Yanrìn ti ń bò ó. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù yẹn ló sì jẹ́ kí wọ́n rí mi mú.

Ọkùnrin kan wá sílé yìí. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Alága, torí òun ni alága ìgbìmọ̀ tó ń wá ohun tí àlejò máa wò nílùú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ó mọ ọ́n sọ. Ó ní òun lọ sí òkè òkun, òun dé ìlú ńlá kan tí odò gba àárín rẹ̀ kọjá, òun rí ọkọ̀ ogun ojú omi tí wọ́n so mọ́ etí odò, ọkọ̀ tó ti jagun rí tó ti fẹ̀yìn tì, tòun ti ìbọn ńlá rẹ̀. Wọ́n fi àtẹ̀gùn sí i, àwọn èèyàn tò lọ rẹrẹẹrẹ láti gùn ún wò. Ó ní, "Bàbá, àwa náà lódò. Ọkọ̀ tiwa dà?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo bi í pé ọkọ̀ tó rí lọ́hùn-ún, ṣé orí ilẹ̀ ló wà ni àbí inú omi. Ó ní inú omi ni. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Mo sọ fún un pé yíyá ni mo yá wọn, n ò ta á, n ò sì fi tọrẹ. Mo ní kí wọ́n gbẹ́ adágún kékeré kan sábẹ́ igi, kí wọ́n rọ omi sí i, kí ọkọ̀ máa wà níbẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Mo rò pé ẹni tó bá kọ nǹkan sílẹ̀ máa ń ṣe é. Wọ́n mú ọkùnrin mẹ́jọ wá, wọ́n yọ ọ́. Igi náà ṣì dúdú, ó ṣì le, òórùn ẹrẹ̀ ibú ṣì wà lára rẹ̀. Mo sunkún. Kí n má tàn yín, mo sunkún níwájú àwọn ọmọ tí n ò mọ̀.

Èmi àti ìyá yín wá lọ sí Ìpetu, wọ́n ń sìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí a dé, mo lọ wo adágún. Kò sí adágún. Wọ́n gbé ọkọ̀ bàbá mi lé búlọ́ọ̀kù mẹ́rin nínú oòrùn gangan. Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà eléérú bí ọkọ̀ àwọn ológun. Wọ́n mú páìpù omi kan, wọ́n kùn ún ní dúdú, wọ́n fi dè é níwájú bí ìbọn ńlá. Wọ́n kọ sára pátákó pé ọkọ̀ ogun àwọn akọni ni. Èmi tí mo ní kí wọ́n gbé omi wá bá ọkọ̀, páìpù omi ni wọ́n gbé gùn ún.

Àwọn ọmọ ilé ìwé wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọmọbìnrin kan ń ṣàlàyé fún wọn. Ó fọwọ́ kan ibi tí agolo ti jẹrà kúrò, tó ku ojú ìṣó. Ó ní, "Ẹ wò ó, ọta ìbọn ló bà á lójú ogun." Mo ní, "Ọmọ mi, ìṣó ni. Mọ́kànlá ni. Èmi ni mo gbá a." Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ohun tí wọ́n kọ fún mi ni mò ń kà." N ò bínú sí òun. Ọmọkùnrin kékeré kan wá bi mí pé, "Bàbá, ta lẹ wá bá jà?" Mo ní bàbá mi ni.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ nígbà tí ara ń gbé mi ni ojú ìṣó wọ̀nyẹn. Mo fi ọwọ́ ara mi gbọ́n omi rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Àwọn wá sọ ọ́ di akọni. Ẹni tó bá ń fi irọ́ bu iyì fún mi, ṣé ó ti béèrè bóyá mo ń fẹ́ ẹ? Ohun tó sì dùn mí jù ni pé ohun tí mo ṣe sí ọkọ̀ náà nítorí obìnrin, Alága ló tún ṣe é sí i pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Mo lọ bá Alága ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ní, "Gbé ọkọ̀ padà sómi."

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Àlejò ò lè wo ohun tó wà nísàlẹ̀ omi."

"Wọ́n ń wò ó nígbà kan."

"Nígbà yẹn, omi mọ́ ni, Bàbá."

"Ta ló wá bà á jẹ́?"

Ó gbé fóònù rẹ̀, ó ń wò ó. Kò sẹ́ni tó pè é.

Ọyẹ́ tó kọjá ló parí rẹ̀. Ibi tí mo kàn níṣòó tún ya, ó sì ya kọjá ibẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ki ọwọ́ mi bọ̀ ọ́, ọwọ́ mi wọlé dé ọrùn ọwọ́. Mo padà tọ Alága lọ. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, wọ́n ti pe bíríkìlà, ọjọ́ Ajé ló máa fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo rẹ̀. Sìmẹ́ńtì, nínú ìrókò. Mo ṣàlàyé fún un pé igi tó bá mu omi máa ń wú, tí ojú rẹ̀ á padé fúnra rẹ̀, pé bí a bá rì í lónìí, ó lè yè. Mo ní bí wọ́n bá da sìmẹ́ńtì sí i, kò tún ní padé mọ́ láéláé, ó ti kú nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, tiyín ni, a yá a ni. Bí ẹ bá rí ọkùnrin mẹ́jọ tó máa gbé e kó tó di ọjọ́ Ajé, ẹ gbé e." Ó mọ ohun tó ń wí. Ó mọ̀ pé àgbà ló kù ní àdúgbò wa, pé àwọn ọmọ wà ní Èkó, wọ́n wà ní Àbújá, àwọn mìíràn sì wà nínú kòtò góòlù. Ó kàn gbàgbé pé Iléyá ń bọ̀.

Kí ni, Súlè? Sọ̀rọ̀ sókè. O ní, "Bàbá àgbà, omi yẹn ti dọ̀tí. Bí a bá rì í síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tún rí i."

Òótọ́ lo sọ. Mo ti rò ó títí lórí ẹní mi. Omi tó dọ̀tí, omi náà ni, ìrókò kì í béèrè àwọ̀ rẹ̀. Okùn tuntun ti wà nílẹ̀. A ó gbé e sí ibi tí omi ti ń ṣàn, kí yanrìn má rí i bò. Bí àwọn ìgbìmọ̀ bá sì dé lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n wá bá búlọ́ọ̀kù mẹ́rin àti páìpù nìkan nílẹ̀, kí wọ́n bi wá. A ó mú wọn lọ sí etí ibú bí bàbá mi ṣe máa ń mú àlejò lọ. A ó ní, ẹ wo ọkọ̀ wa, ó ń sùn. Wọ́n á ní àwọn ò rí i. A ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n bá fẹ́ rí i, wọ́n mọ ọ̀nà òkè ibi tí omi ti ń bàjẹ́ wá. Kí wọ́n kó ọ̀dà wọn àti ìwé wọn, kí wọ́n gba ibẹ̀ lọ.

Ọ̀la ni, lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ẹ wọ aṣọ tí kò ní dùn yín bó bá dọ̀tí. Ìwọ Súlè, iwájú lo máa wà, ní ibi tí o fẹsẹ̀ tẹ̀ nínú fọ́tò yẹn. Ìyá yín ní òun á dín àkàrà dè wá létí odò, òun ló sì máa sọ ẹni tó ń gbé e gan-an.

Láti ìgbà tí ẹ ti ń jẹun ni mo ti ń kà yín. Méje lẹ jẹ́. Ẹ má wo ojú ìyá yín, mo ti mọ ohun tó fẹ́ sọ. Èmi ni ìkẹjọ, apá ọ̀tún lẹ́yìn, níbi tó là.